NLR inú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti NLR inú ewé kì í ṣe ọ̀kan náà

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ìyá mi, ẹni ọdún 61, ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì ti gba kẹmó lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wọn jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo rí i pé ẹnì kan fi bírò kọ “NLR 5.1” sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Mo wá ìtumọ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo sì kà pé NLR ni prótíìnì tí ewéko fi ń dá kòkòrò àrùn mọ̀, àti pé ọ̀gbìn tí NLR rẹ̀ bá pé kì í tètè ṣàìsàn. Inú mi dùn, mo rò pé agbára tí ara ìyá mi fi ń dènà àrùn ti ń pọ̀ sí i. Mo tilẹ̀ ra oje ewé kan tí wọ́n ń polówó pé ó ń gbé e sókè. Àmọ́ ẹnì kan tí òun náà ń tọ́jú bàbá rẹ̀ sọ fún mi pé bí NLR bá ga, kò dára. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé ó yẹ kí ẹ̀rù máa bà wá? Ǹjẹ́ ohun kan wà tí a lè ṣe sí nọ́ńbà náà kí ọjọ́ kẹmó tó ń bọ̀ tó pé?

Ìdáhùn

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, ẹ sì kú àìsùn. Ohun tí ẹ kà nípa ewéko kì í ṣe irọ́, ohun tí ẹni tó ń tọ́jú bàbá rẹ̀ sọ fún yín náà kì í ṣe irọ́. Ohun méjì tí kò bá ara wọn tan ni wọ́n gé orúkọ wọn kúrú títí orúkọ náà fi di ọ̀kan. Èyí tó wà nínú ìwé èsì ìyá dúró fún neutrophil àti lymphocyte, oríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun méjì, àti ìpín tó wà láàárín àwọn méjèèjì. Èyí tí ẹ kà dúró fún orúkọ gígùn kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ìdílé prótíìnì tó ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì ewéko. Ìdí tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ dá yín lóhùn ni pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń tọ́ka sí: ewéko tó bá ní NLR tó mọ ọ̀tá rẹ̀ ni ó ń là á já, ṣùgbọ́n NLR tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní jẹjẹrẹ kì í ṣe àmì agbára rárá, àmì pé ara wà nínú ìnira ni. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò máa yọ̀ níbi tó ti yẹ kó béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà papọ̀, nítorí pé kì í ṣe ohun àjèjì kan ni wọ́n lọ wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá. Nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, gbogbo sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun jẹ́ 8.4, neutrophil jẹ́ 6.6, lymphocyte sì jẹ́ 1.3, bílíọ̀nù sẹ́ẹ̀lì nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni wọ́n ń kà. Ẹ fi 1.3 pín 6.6, ẹ ó rí 5.08, èyí tí ẹni tó mú bírò sọ di 5.1. Bí ẹ bá lo ìdá ọgọ́rùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn 78.6 àti 15.5, ibì kan náà ni ẹ ó já sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé fún lymphocyte kan tí ẹ̀rọ rí nínú ẹ̀jẹ̀ ìyá lọ́jọ́ náà, ó rí neutrophil márùn-ún. Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó fún aláìsàn ní kẹmó ni wọ́n ti yọ ọ́ jáde, wọn kò fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn, wọn kò sì náwó mìíràn lé e, ìdí sì nìyẹn tí ọ̀pọ̀ dókítà fi fẹ́ràn rẹ̀. Lára àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, nọ́ńbà yìí sábà máa ń wà láàárín 1 sí 3.

Neutrophil ni ó pọ̀ jù nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun wa. Inú mùdùnmúdùn egungun ni wọ́n ti ń bí i, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ibi tí ara bá ti bó tàbí tí kòkòrò bakitéríà bá ti wọlé. Ó máa ń gbé kòkòrò náà mì, ó máa ń tú oró lé e lórí, kò sì ní pẹ́ tí òun náà yóò fi kú, nítorí pé ẹ̀mí rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kò gùn. Lymphocyte kò rí bẹ́ẹ̀. Òun kì í kánjú, ó ń yẹ ohun tó bá pàdé wò fínnífínní kó tó kọlù ú, àwọn kan nínú wọn sì máa ń wà láàyè fún ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n á ṣì máa rántí ọ̀tá tí wọ́n ti bá jà rí. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ ìyá jù ni pé lára lymphocyte ni a ti rí àwọn tó lè dá sẹ́ẹ̀lì ara ẹni tó ti ya bàrá mọ̀, kí wọ́n sì pa á. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í ṣe àlejò tó ti ìta wọlé, ọmọ ilé tó yí padà ni, kì í sì í rọrùn láti dá irú ọ̀tá bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Kókó jẹjẹrẹ tó bá ti ń lágbára máa ń tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, tí wọ́n ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn pé kó máa bí neutrophil sí i. Àwọn tí wọ́n bá dé ibi kókó náà kì í fìgbà gbogbo bá a jà. Àwọn kan a máa tú èròjà tó ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun hù lọ bọ́ kókó náà, wọ́n a tún máa dí lymphocyte lọ́wọ́ iṣẹ́. Rudolf Virchow, onímọ̀ ìṣègùn ará Jámánì, ti kíyè sí i láti 1863 pé sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun máa ń wà nínú kókó jẹjẹrẹ, ó sì rò pé ìjà tí ara ń jà àti jẹjẹrẹ ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ara wọn. Nítorí náà, bí neutrophil bá ń gòkè tí lymphocyte sì ń lọ sílẹ̀ lára ẹni tó ní jẹjẹrẹ, dókítà máa ń wò ó pé ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ àwọn tó yẹ kó gbèjà ara ti máa rọ, kí ariwo ìjà sì ti pọ̀ ju ìjà fúnra rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí nọ́ńbà yìí ti wá, torí pé ó máa jẹ́ kí ẹ mọ ìwọ̀n tó yẹ kí ẹ fún un. Kì í ṣe àwọn tó ń wá jẹjẹrẹ ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Ní 2001, dókítà kan ní orílẹ̀-èdè Slovakia, Zahorec, tó ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ fún, kíyè sí i pé bí ara bá ti rí ìnira ńlá, lymphocyte á wálẹ̀, neutrophil á gòkè, ó sì dábàá pé kí wọ́n máa fi ìpín àwọn méjèèjì mọ bí ìnira náà ṣe tó. Ìnira ló ń wọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ gbà á lò. Ní 2014, Templeton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 100 jọ, tí àwọn aláìsàn inú wọn jẹ́ 40,559, wọ́n sì rí i pé àwọn tí NLR wọn ga ju ààlà tí ìwádìí kọ̀ọ̀kan fà lọ kì í sábà pẹ́ láyé tó àwọn tí tiwọn wà nísàlẹ̀ ààlà náà. Ààlà yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà níbi gbogbo. 4 ló bọ́ sí àárín gbùngbùn nínú wọn, àwọn kan lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan kò lò tó bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé gbólóhùn yẹn wúwo fún ọmọ tó ń tọ́jú ìyá rẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ gbé e lọ sùn láìgbọ́ ìyókù. Ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn fi hàn lápapọ̀ kì í ṣe ìdájọ́ lórí ẹnì kan ṣoṣo. Nínú àwọn tí NLR wọn ga, ọ̀pọ̀ ló gba ìtọ́jú tán tí ara wọn sì yá. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn ohun tó lè gbé NLR sókè láìjẹ́ pé jẹjẹrẹ ti burú sí i pọ̀ débi pé mi ò lè túmọ̀ 5.1 ìyá láìjẹ́ pé mo kọ́kọ́ béèrè nípa ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni oògùn sítẹ́rọ́ìdì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba kẹmó ni wọ́n máa ń fún ní dexamethasone kí èébì má baà gbé wọn, àwọn mìíràn a sì ti máa lò ó láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí oògùn yìí bá wọ ara, àwọn neutrophil tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ á já bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn, mùdùnmúdùn á tún tú òmíràn síta, nígbà tí lymphocyte á fi inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ lọ fara pamọ́ sí ibòmíràn nínú ara. Ẹ wá wò ó: neutrophil gòkè, lymphocyte wálẹ̀, NLR sì fò sókè, síbẹ̀ jẹjẹrẹ kò kúrò níbi tó wà, kò dàgbà, kò sì kéré sí i. Bí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ ìyá ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ti lo dexamethasone, 5.1 yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ oògùn lásán. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lẹ́nu iṣẹ́ mi pé àwọn ẹbí ń sunkún lórí nọ́ńbà tó jẹ́ pé oògùn èébì ló bí i.

Ìbéèrè kejì ni abẹ́rẹ́ tó ń mú kí neutrophil pọ̀, èyí tí orúkọ rẹ̀ lè jẹ́ filgrastim tàbí pegfilgrastim. Wọ́n máa ń fún àwọn kan lẹ́yìn kẹmó kí kòkòrò àrùn má baà rí ààyè wọlé sí wọn lára. Iṣẹ́ tí wọ́n rán abẹ́rẹ́ náà gan-an ni láti gbé neutrophil sókè, nítorí náà NLR tí wọ́n bá ṣírò ní ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò sọ nǹkankan fún wa nípa jẹjẹrẹ. Ẹ tún béèrè bóyá ikọ́, egbò ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru tàbí ìtọ̀ tó ń ta ènìyàn wà lára wọn lọ́sẹ̀ náà, torí pé àkóràn bakitéríà, kékeré tàbí ńlá, máa ń gbé neutrophil sókè. Iṣẹ́ abẹ tí kò tíì pẹ́, sìgá mímu, ọjọ́ orí, àárẹ̀ ńlá, gbogbo wọn ló ní ipa tiwọn.

Apá kejì ọ̀rọ̀ yìí kò fara hàn sójú bí ti àkọ́kọ́, òun ló sì máa ń kó mi lọ́kàn sókè jù. Bí ènìyàn bá ti gbọ́ pé NLR tó ga kò dára, ó rọrùn kó máa rò pé èyí tó bá ti lọ sílẹ̀ dára. Ní nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 14 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oríṣi kẹmó, neutrophil máa ń já wálẹ̀ gan-an, nítorí pé kẹmó ń pa sẹ́ẹ̀lì tó ń yára bí sí i, mùdùnmúdùn sì wà lára àwọn tó ń yára jù. Ká ní ìwé èsì kan sọ pé neutrophil jẹ́ 0.4, lymphocyte sì jẹ́ 1.0. NLR rẹ̀ á jẹ́ 0.4, ẹni tí kò bá mọ̀ á ní ó ti dára ju 5.1 lọ fíìfíì. Àmọ́ neutrophil tí kò tó 0.5 túmọ̀ sí pé bodè ìlú ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, kòkòrò kékeré tí kì í pa ẹlòmíràn lára sì lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo ìpín náà láé láìwo nọ́ńbà méjì tó bí i.

Ohun kan tún wà tó kan ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ìran wa ti ilẹ̀ Áfíríkà wá. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa ló jogún ìyípadà kan nínú jíìnì tí wọ́n ń pè ní Duffy, èyí tó mú kí iye neutrophil tó ń ṣàn nínú ẹ̀jẹ̀ wa kéré sí ti àwọn ẹ̀yà mìíràn láìjẹ́ pé àìsàn kankan wà, láìjẹ́ pé kòkòrò àrùn ń tètè rí wa mú. Bí neutrophil bá ti kéré láti ìbí, NLR náà á kéré. Púpọ̀ nínú àwọn ààlà tí wọ́n ń lò sì jẹ́ èyí tí wọ́n fà lára àwọn ènìyàn tí kì í ṣe irú wa. Nítorí èyí ni mo fi gbà pé ìfiwéra tó dára jù fún ìyá ni ìyá fúnra wọn: ìwé èsì wọn kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, èyí tó ṣáájú kẹmó àkọ́kọ́, èyí tó ṣáájú ìkejì, àti èyí tó wà lọ́wọ́ yín báyìí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra wọn ń sọ ìtàn. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í sábà lè sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni NLR kì í ṣe ohun tí a fi ń mọ̀ bóyá jẹjẹrẹ wà lára tàbí kò sí. Ibà, àìsàn ọkàn, ìjàm̀bá ọkọ̀, gbogbo wọn lè gbé e dé 5 lára ẹni tí kò ní jẹjẹrẹ rí. Fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá, ohun tí àwọn dókítà ìyá yóò máa gbé ojú lé jù ni àwòrán inú ara láti inú ẹ̀rọ CT, CEA tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀, àti ohun tí wọ́n rí nínú ẹran ara tí wọ́n gé nígbà iṣẹ́ abẹ. CEA yàtọ̀ sí NLR, torí pé kókó jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀ ló máa ń tú u jáde, nígbà tí NLR ń sọ bí ara ṣe ń dáhùn. Àwọn nọ́ńbà mìíràn wà tó jọ NLR, bíi CRP, albumin àti LDH, tí dókítà máa ń kà pọ̀ mọ́ ọn, àmọ́ kò pọn dandan kí ẹ máa ṣírò ìwọ̀nyẹn nílé.

Ẹ wá jẹ́ kí n padà sí ohun tí ẹ kà nípa ewé, nítorí pé ó lẹ́wà lọ́nà tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹ rò pé ẹ fi àkókò yín ṣòfò. Ewéko kò ní ẹ̀jẹ̀, kò ní sẹ́ẹ̀lì tó lè rìn láti ibì kan dé ibòmíràn lọ gbèjà, kò sì lè sá. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ ara rẹ̀. Ẹ fojú inú wo bakitéríà kan, Pseudomonas syringae, tó gba ojú ihò kékeré tí ewé fi ń mí wọlé. Ó ní ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Lórí awọ sẹ́ẹ̀lì ewé ni prótíìnì kan tí wọ́n ń pè ní FLS2 dúró sí bí oníbodè, kò sì mọ ohun mìíràn ju ègé kékeré kan lára ìrù yẹn lọ, ègé tí kò gùn ju amínò ásíìdì 22, ìyẹn àwọn èròjà kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ di prótíìnì. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kàn án, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù á rọ́ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í tú èròjà tó ń jó kòkòrò, ihò tó fi ń mí á sì pa dé mọ́ àwọn tó ṣì wà níta.

Àmọ́ ọ̀tá náà gbọ́n. Ó ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ tó fi ń gún awọ sẹ́ẹ̀lì, tó sì ń gba ibẹ̀ da prótíìnì tirẹ̀ sínú ilé láti pa oníbodè lẹ́nu mọ́. Ibí ni NLR ewéko ti ń ṣiṣẹ́. Òun ni ọdẹ tó wà nínú ilé, tó ń wò bóyá ẹnì kan ti fọwọ́ kan ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà fi hàn bí ọ̀kan nínú wọn, ZAR1, ṣe ń ṣe é: márùn-ún á kó ara wọn jọ bí àgbá kẹ̀kẹ́, wọ́n á na ẹnu jáde bí àrọ, ẹnu náà á sì wọ inú awọ sẹ́ẹ̀lì. Ní 2021 ni wọ́n tún fi hàn pé ihò tí kálísíọ́ọ̀mù ń gbà wọlé ni àrọ náà. Sẹ́ẹ̀lì yẹn á kú, á sì bá ọ̀tá tó wà nínú rẹ̀ lọ, kí àwọn aládùúgbò rẹ̀ lè yè. Gbogbo ohun tí ojú wa máa ń rí nínú ogun yìí kò ju àbààwọ́n kékeré kan tó gbẹ lórí ewé lọ.

Láàárín ọdún 1940 sí 1950 ni Harold Flor, tó ń ṣiṣẹ́ ní North Dakota ní Amẹ́ríkà, ti rí i lára ọ̀gbìn tí wọ́n ń fi ṣe aṣọ ọ̀gbọ̀ pé jíìnì kan nínú ọ̀gbìn máa ń bá jíìnì kan pàtó nínú kòkòrò àrùn mu, bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Nítorí náà, kì í ṣe pípọ̀ ni ohun tí wọ́n ń wá nínú NLR ewéko, bí kò ṣe èyí tó bá ọ̀tá mu. Pàápàá, bí wọ́n bá da ọ̀gbìn méjì tí NLR wọn kò bá ara wọn rẹ́ pọ̀, ọmọ tí wọ́n bí lè máa bá ara rẹ̀ jà láìsí ọ̀tá kankan, kó ràrá, kí ewé rẹ̀ sì máa kú sára.

Bí ẹ bá tún wá orúkọ yìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó pàdé ẹ̀kẹta: àwa ènìyàn náà ní ìdílé prótíìnì tí wọ́n ń pè ní NLR nínú sẹ́ẹ̀lì wa, nǹkan bí 22 ni wọ́n, wọ́n sì jọ ti ewéko ní ìrísí débi pé ó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu. Ní 2001, wọ́n rí i pé ìyípadà nínú ọ̀kan lára wọn, NOD2, wà lára ohun tó ń fa àrùn Crohn tó ń ba ìfun jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìfun tó wà níbẹ̀ da ọkàn yín rú. Èyí náà kọ́ ló wà nínú ìwé ìyá. Ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì jù ni pé NLR ewéko àti NLR inú sẹ́ẹ̀lì wa jẹ́ ohun kan tó wà, tó ní ìrísí, tó ń ṣiṣẹ́. NLR inú ìwé èsì jẹ́ ìṣirò lásán lórí ohun méjì tí ẹ̀rọ kà. Ẹ̀jẹ̀ wa tó ń gbé àwọn ọmọ ogun kiri ló jẹ́ kí irú kíkà bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe.

Èyí ló gbé wa dé orí oje ewé tí ẹ rà, mo sì ń bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fún ìyá mu. Prótíìnì inú ewé kì í ti inú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ lódindi. Inú á ti lọ̀ ọ́ di amínò ásíìdì bíi ti oúnjẹ yòókù, kò sì sí ọ̀nà tí NLR ewé yóò fi di agbára ìjà fún ènìyàn. Bó bá tilẹ̀ ṣe ohun tí ìpolówó náà wí, tó gbé nọ́ńbà inú ìwé èsì sókè, ohun tí a kò fẹ́ gan-an ló ṣe yẹn. Ewu rẹ̀ mìíràn wà: àwọn èròjà inú ewé kan máa ń yí bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń tú oògùn palẹ̀ padà. Ewé tí wọ́n ń pè ní St John’s wort, fún àpẹẹrẹ, máa ń dín agbára irinotecan kù, bẹ́ẹ̀ irinotecan wà lára àwọn oògùn tí wọ́n ń lò fún jẹjẹrẹ ìfun ńlá. Ẹ mú ìgò náà dání lọ bá dókítà wọn, kí wọ́n ka ohun tó wà lára rẹ̀. Bí ìyá bá sì ti mu díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ sọ ọ́ láìtijú. Kò sí dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò bínú sí yín.

Ẹ béèrè bóyá ohun kan wà tí a lè ṣe sí nọ́ńbà náà. Kò sí oògùn tí wọ́n ń fún ènìyàn nítorí kí NLR rẹ̀ lè wálẹ̀. Ohun tó gbé e sókè ni wọ́n ń tọ́jú: bó bá jẹ́ àkóràn, wọ́n á tọ́jú àkóràn, bó bá jẹ́ dexamethasone, wọ́n á kàn dúró kí oògùn náà jáde lára, bó bá jẹ́ pé kókó jẹjẹrẹ ló ń ránṣẹ́ sí mùdùnmúdùn, kẹmó tí ìyá ń gbà lọ́wọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀. Mi ò sì rò pé ó yẹ kí ẹ lọ san owó fún àyẹ̀wò mìíràn lọ́sẹ̀ yìí, torí pé wọ́n á tún fa ẹ̀jẹ̀ kí kẹmó kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí tuntun.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ wá àwọn ìwé èsì àtẹ̀yìnwá jáde, kí ẹ tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ìyá lo dexamethasone kẹ́yìn kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ náà, ọjọ́ tí wọ́n gba abẹ́rẹ́ neutrophil bí wọ́n bá gba á, àti bóyá ara wọn gbóná lọ́sẹ̀ náà. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ síwájú dókítà wọn, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ wọn pé: “Ṣé ohun tí ẹ rí nínú CT àti CEA ń bá ohun tí NLR yìí ń sọ mu?” Ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn wúlò fún yín ju 5.1 lọ. Bí ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbóná ara bá sì fi 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ hàn nígbàkígbà láàárín kẹmó kan sí òmíràn, ì báà jẹ́ òru, ẹ má dúró de àárọ̀, ẹ má sì fún wọn ní oògùn ibà kí ẹ máa wò ó. Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ lẹ́nu ọ̀nà pé kẹmó ni wọ́n ń gbà.